Ó Ń Sinmi Díẹ̀ Ni

"Yọ ọwọ́ rẹ kúrò nínú yìnyín yẹn jàre! Ṣé o fẹ́ kó já dànù ni?"

Munawwarah ló pariwo bẹ́ẹ̀. Èyítáyọ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọwọ́ àlejò. Ó ti ki ọwọ́ náà bọ inú páálí ẹja kọ́tẹ láti ya àwọn tó lẹ̀ mọ́ra wọn, kò sì rántí yọ ọ́ mọ́. Àwọn ìka rẹ̀ ti pọ́n, wọ́n ti le gbandi, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n lára.

"Kò dùn mí," ó ní.

"Kò dùn ẹ́! Bí gbogbo nǹkan ṣe rí fún ẹ nìyẹn. Tí ọ̀kadà bá gbá ẹ ní títì, wàá dìde, wàá ní kò dùn ẹ́. Ọmọ yìí, ẹja tó wà nínú páálí yìí gan-an túra ká jù ẹ́ lọ."

Èyítáyọ̀ rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ̀ pé ibi tó yẹ kí èèyàn ti rẹ́rìn-ín nìyẹn. Ẹ̀rín náà kò kọjá eyín.

Ilé ìtajà ẹja dídì kan ní Alekuwodo, ní Òṣogbo, ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́, láàárín ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe àti ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan. Iwájú ni wọ́n ti ń tajà. Ẹ̀yìn ni yàrá yìnyín wà, yàrá ńlá kan tí kò ní fèrèsé, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ nípọn bíi mátírẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n to páálí ẹja sí láti ilẹ̀ títí dé àjà: títù, kọ́tẹ, pánlá, sáwà. Àwọn obìnrin tó ń dín ẹja lójú títì, àwọn tó ń yan án, àwọn olóúnjẹ, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń rà. Munawwarah ló ń gé ẹja fún àwọn oníbàárà. Èyítáyọ̀ ló ń jókòó ti tábìlì, òun ló sì ń mú fóònù ilé iṣẹ́ dání. Béjidé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Iléṣà, ló ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń mú kí yàrá náà tutù. Máníjà wọn ni Alhájì Sànúsí, ọmọ bíbí inú Òṣogbo, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ le, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ kò le tó ohùn náà.

Èyítáyọ̀ kì í ṣe ọmọ tí kì í rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ o. Nígbà tó wá láti Ìbòkun, tó wá ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá rẹ̀ ní Dàda Estate kó lè máa ṣiṣẹ́ títí tí yóò fi rí ọ̀nà wọ yunifásítì, ẹ̀rín rẹ̀ ni àwọn télọ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn fi ń mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ti ṣí. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí di ọjọ́ tí Ọ́ńkù Ọdúntán, àbúrò màmá rẹ̀, pè é.

"Èyítáyọ̀, báwo ni? Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn ọ̀gá yín ńkọ́? Ó dáa. Ara màmá ẹ ni kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Kò sí wàhálà kankan o, ó ń sinmi díẹ̀ ni. Ṣáà máa bọ̀ nílé."

Ọmọ náà kò fura. Ó tilẹ̀ dúró lójú ọ̀nà, ó ra ọsàn sínú náílọ́ọ̀nù, nítorí bí ara màmá rẹ̀ kò bá yá, ọsàn nìkan ni ẹnu rẹ̀ máa ń gbà. Ó dé ojúlé wọn ní Ìbòkun, ó rí àwọn àga oníke tí wọ́n tò sábẹ́ igi máńgòrò, ó rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n jókòó tí wọn kò sọ̀rọ̀. Bí àwọn obìnrin ṣe rí i, wọ́n figbe ta. Gbogbo èèyàn ń sunkún. Èyítáyọ̀ nìkan ni kò sunkún. Ó dúró sójú kan pẹ̀lú náílọ́ọ̀nù lọ́wọ́, ó ń wá ibi tí yóò gbé ọsàn kalẹ̀ sí.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ ti wà bí ẹja inú páálí. Kò bàjẹ́, kò sì mí. Ó ń jí, ó ń wẹ̀, ó ń wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí Alekuwodo, ó ń kí èèyàn, ó ń dáhùn. Bí oníbàárà tí kò mọ̀ bá bi í pé, "Màmá ẹ ńkọ́?" yóò dáhùn pé, "Ó ń sinmi, mà." Kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọ̀rọ̀ ikú yẹn rí.

Ẹni kan ṣoṣo tí kò jẹ́ kó rí ìsinmi nínú dídákẹ́ rẹ̀ ni Béjidé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúdú, ó ń dán, ihò kan sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ pé bó bá rẹ́rìn-ín, àwọn oníbàárà á gbàgbé iye ẹja tí wọ́n fẹ́ rà. Kí ìbànújẹ́ yìí tó dé, àyà Èyítáyọ̀ máa ń já bó bá gbọ́ ìró bàtà rẹ̀. Ní báyìí, ó ń gbọ́ ìró náà gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe ń gbọ́ òjò tó ń rọ̀ ládùúgbò ibòmíràn.

Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn gan-an, ọjọ́ tí Èyítáyọ̀ gbàgbé ọwọ́ sínú yìnyín, ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Taransifọ́mà àdúgbò ti jó, jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń gbé yàrá yìnyín dúró tọ̀sán-tòru. Alhájì Sànúsí ń lọ sí Ìbàdàn láti bá àwọn tó ń kó ẹja fún wọn ṣe ìpàdé. Béjidé náà fẹ́ tẹ̀lé ọkọ̀ tó ń gbé ẹja lọ sí Iléṣà, ó sì ti gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá pé òun yóò sùn lọ́dọ̀ ìyá òun, òun yóò padà lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ó ti yẹ jẹnẹrétọ̀ wò, ó ti rọ dísù kún un. Kó tó gun ọkọ̀, ó wá dúró níwájú tábìlì Èyítáyọ̀.

"Arẹwà, gbọ́ mi. Ìdùnnú ni kí ẹ̀rọ yìí máa pariwo. Tó bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, má fọwọ́ kàn án o. Ọ̀gá ni kó o pè lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ń ta yìnyín ní òdìkejì títì láyè nínú yàrá tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀gá nìkan ni wọ́n máa gbà kó kó ẹja síbẹ̀. Ṣé o ti gbọ́?"

"Mo ti gbọ́, Bùọ̀dá Béjidé."

"Bùọ̀dá kẹ̀! Ọjọ́ wo lo máa yọ bùọ̀dá yẹn kúrò lára orúkọ mi?"

Munawwarah sọ̀rọ̀ láti ibi tó ti ń gé ẹja. "Ọjọ́ tó o bá ti san owó orí ẹ̀ ni! Bọ́ sọ́kọ̀ jàre, dẹ́rẹ́bà ti ń bínú."

Béjidé rẹ́rìn-ín, ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, ó lọ. Èyítáyọ̀ ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà títí tó fi yà. 

Àwọn èèyàn kò tíì padà láti mọ́sálásí nígbà tí jẹnẹrétọ̀ húkọ́. Ó tún húkọ́. Ó gbọ̀n jìgìjìgì, ó sì dákẹ́. Ìdákẹ́rọ́rọ́ náà wúwo débi pé wọ́n ń gbọ́ ìró máṣíìnì télọ̀ láti ẹ̀gbẹ́.

"Ìnnà lílláhì!" Munawwarah sáré jáde pẹ̀lú ọ̀bẹ ẹja lọ́wọ́. "Ó ti kú! Jẹnẹrétọ̀ ti kú o!"

"Má pariwo," ni Èyítáyọ̀ wí.

"Kí n má pariwo? Pe ọ̀gá!"

Èyítáyọ̀ kọ́kọ́ pe Béjidé, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ó wá pe Alhájì. Bí fóònù náà ṣe ń dún, ọ̀rọ̀ tí Alhájà, ìyàwó ọ̀gá wọn, wá bá wọn sọ láìpẹ́ yìí ń padà sọ́kàn rẹ̀: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ń ru o. Ẹ máa fara balẹ̀ bá a sọ̀rọ̀." Ohun tí ìyá rẹ̀ àgbà sì kọ́ ọ láti kékeré nìyẹn, pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í ju ọ̀rọ̀ burúkú lu àgbà. Ńṣe ló ń rọra gbé e kalẹ̀.

Alhájì gbé e. Ariwo èèyàn wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyítáyọ̀ kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń kúnlẹ̀ fún wà ní Ìbàdàn.

"Ẹ káàsán sà. Ẹ kú Jímọ̀ sà. Ẹ kú ìrìn. Ìpàdé ńkọ́ sà?"

"Ìpàdé ń lọ lọ́wọ́, àárín ẹ̀ lo ti pè mí. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan sà. Kò sí wàhálà kankan. Jẹnẹrétọ̀ ni ara ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yá."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ń... ó ń sinmi díẹ̀ ni sà. Tí ẹ bá ráyè, kí ẹ ṣáà tètè máa bọ̀."

Alhájì Sànúsí bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé wọ́n ti mú iná dé ni? Jẹ́ kó sinmi jàre, ó ti ṣiṣẹ́. Mò ń bọ̀ lọ́la. Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó sì pa fóònù.

Èyítáyọ̀ dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀.

Munawwarah la ẹnu sílẹ̀. "Kí lo sọ fún un yẹn?"

"Mo ti sọ fún un."

"Kí lo sọ? Ó ń sinmi? Ṣé jẹnẹrétọ̀ lọ ìsinmi ọlọ́mọ ni? Tún un pè! Sọ pé ó kú, pé ẹja máa bàjẹ́, pé kó bá wa bá àwọn oníyìnyín sọ̀rọ̀! Mú fóònù wá, kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́."

Èyítáyọ̀ fa fóònù sẹ́yìn. "Ìwọ? Bó o ṣe ń pariwo yìí? Ṣé o fẹ́ kí ọ̀gá ṣubú lulẹ̀ nínú ìpàdé ni? Àgbà ni wọ́n. Wọ́n á ti mọ ohun tí mo ní lọ́kàn."

"Wọn ò mọ̀ ọ́n! O gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín!"

Ká sòótọ́, Èyítáyọ̀ gbọ́ ẹ̀rín náà. Ó mọ̀ ní ìsàlẹ̀ ọkàn rẹ̀ pé ẹni tó gbọ́ irú ìròyìn yẹn tó sì lóye rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpè kan péré ló kù. Ṣùgbọ́n láti pe ìpè náà, ó ní láti sọ ọ̀rọ̀ kan, bí ó sì ti fẹ́ ronú kan ọ̀rọ̀ náà ni òtútù kan gba inú rẹ̀ kọjá. Ó rọrùn láti má ṣe nǹkan kan. Ó fi fóònù sínú dúrọ́ọ̀.

"Ọ̀gá ti gbọ́," ó ní.

Munawwarah wò ó títí, ó nu ọ̀bẹ rẹ̀ sára épúrọ́ọ̀nù. "Ó dáa. Ìwọ ni wọ́n gbé fóònù fún. Kò kàn mí."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, tí oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Èyítáyọ̀ jẹun, ó sùn, kò lá àlá kankan.

Òórùn náà ló kọ́kọ́ kí wọn láàárọ̀. Omi pupa ti ṣàn láti abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá yìnyín títí dé iwájú tábìlì. Nígbà tí Munawwarah fa ilẹ̀kùn náà, atẹ́gùn gbígbóná ló jáde. Páálí ìsàlẹ̀ ti rọ̀, ti òkè sì ti wó lé e lórí. Ẹja tó le bí òkúta lánàá ti di ohun tí ìka ń wọlé sí lára. Munawwarah jókòó sílẹ̀ nínú omi náà, ó káwọ́ lérí. Èyítáyọ̀ dúró. Ó ń wo gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó ń wo fíìmù tí wọ́n ti pa ohùn rẹ̀.

Àwọn oníbàárà ti ń dé. Ìyá Jibril tó ń dín ẹja lẹ́bàá títì ti gbé abọ́ rẹ̀ dání. "Ẹja mi dà? Ọjọ́ Sátidé ni òní o, ẹ má dá mi dúró... Subuhánálláhì! Kí lẹ sè síbẹ̀ yẹn?"

Ibẹ̀ ni Alhájì Sànúsí bá wọn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò Ìbàdàn ni, fìlà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo omi, ó wo ilẹ̀kùn, ó wọ inú yàrá náà lọ. Nígbà tó jáde, kò pariwo, ìyẹn ló sì ba gbogbo wọn lẹ́rù.

"Béjidé dà?"

Bí ẹni pé wọ́n pè é, Béjidé yọ láti ẹ̀yìn àwọn oníbàárà. Ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀, náílọ́ọ̀nù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọsàn ló wà nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló kó o fún un ní Iléṣà, òun náà sì ti dá èyí tó pọ́n jù sí ọ̀tọ̀ fún ẹnì kan.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú àbọ̀."

"Kó ẹrù rẹ," ni Alhájì wí.

"Sà?"

"Mo ní kó o kó ẹrù rẹ, kó o máa lọ. O fi ẹ̀rọ tó ń kú lọ sílẹ̀, o lọ ń jẹun nílé ìyá rẹ. Ẹja gbogbo ọ̀sẹ̀ ti bàjẹ́. Kí ni kí n sọ fún àwọn tó ni iṣẹ́? Ọmọ tí mo fọkàn tán!"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Béjidé. Ó wo Alhájì, ó wo Munawwarah, ó wo omi tó wà nílẹ̀. "Alhájì, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mo lọ. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi."

Ó dúró sójú kan láàárín gbogbo èèyàn pẹ̀lú náílọ́ọ̀nù ọsàn lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń wá ibi tí yóò gbé e kalẹ̀ sí.

Èyítáyọ̀ rí i. Ó rí ọsàn náà. Ó rí ẹni tí gbogbo ayé ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, tí òun nìkan kò mọ̀, nítorí pé ẹnì kan tó yẹ kó la ẹnu kò là á. Ọ̀dọ̀ òun gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti dúró lọ́tẹ̀ yìí. Ohùn Ọ́ńkù Ọdúntán ni òun fi sọ̀rọ̀ lánàá, láti orí ìkíni títí dé "máa bọ̀."

Kò kúnlẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ó kú," ó ní.

Gbogbo ojú yí sí i.

"Jẹnẹrétọ̀ kú lánàá lákòókò Jímọ̀, sà. Bùọ̀dá Béjidé ti lọ kó tó kú. Ó sọ fún mi ohun tí mo gbọ́dọ̀ ṣe. Munawwarah náà ní kí n tún yín pè, mo kọ̀. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ má lé e."

"O pè mí lánàá," ni Alhájì wí, bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú òkùnkùn. "O ní..."

"Mo ní ó ń sinmi díẹ̀ ni, sà."

"Jẹnẹrétọ̀ ń sinmi?" Ìyá Jibril gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ó lóyún ni?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó tètè dákẹ́. Alhájì Sànúsí jókòó sórí kéréètì kan.

"Èyítáyọ̀, kí ló dé tí o kò sọ ọ́? Ká ní o sọ pé ó kú, ìpè kan ni n bá pe àwọn oníyìnyín. Wọn ì bá ti kó gbogbo ẹ̀ tán kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Alhájà ní ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, sà. Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀..."

"Ó ń ru lóòótọ́. Ṣé ó ti wálẹ̀ báyìí?"

Èyítáyọ̀ wo omi pupa tó wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó jáde wẹ́rẹ́, bí ohun tó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tipẹ́.

"Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún èmi náà nìyẹn, sà. Wọ́n ní ó ń sinmi díẹ̀. Mo lọ ra ọsàn." Ó wo náílọ́ọ̀nù ọwọ́ Béjidé. "Màmá mi kú, sà."

 Munawwarah dìde nínú omi, ó wá dúró tì í. Ìgbà yẹn ni Èyítáyọ̀ ṣàkíyèsí pé ọwọ́ rẹ̀, èyí tó kì bọ inú yìnyín lánàá, ti ń ta á gidigidi.

"Ó ń dùn mí," ó sọ fún Munawwarah wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ìwọ! Láti àná, ṣé ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ẹ́?" ni Munawwarah dáhùn, ó sì di ọwọ́ náà mú.

Wọn kò lé Béjidé. Wọn kò lé Èyítáyọ̀ náà, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Òun ló kó ẹja tó ti bàjẹ́ jáde nínú yàrá náà, páálí kan tẹ̀lé òmíràn, lójú àwọn oníbàárà tó ń di imú. Òun ló fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ilẹ̀ àti ògiri títí òórùn fi kúrò. Wọ́n gba tábìlì àti fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Munawwarah. Ìyá Jibril àti àwọn mìíràn lọ ra ẹja níbòmíràn, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó padà.

Lọ́jọ́ tí jẹnẹrétọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Alhájì pe gbogbo wọn jọ.

"Èmi náà jẹ̀bi," ó ní. "Ọmọ yìí ní ẹ̀rọ ń sinmi, mo rẹ́rìn-ín, mi ò bi í pé ìsinmi báwo. Ẹ̀yin náà ń wo ojú mi bí ojú ẹkùn, torí mo ti bú yín láìnídìí rí. Mo ti gbọ́ tèmi. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí n ṣe. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá kí mi. Ìkíni ò ní sá lọ."

"Ká sọ̀rọ̀ ká tó kúnlẹ̀, sà?" ni Munawwarah bi í.

"Ẹ fò sókè tó bá wù yín. Ẹ ṣáà sọ ọ́."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Èyítáyọ̀ wọ mọ́tò lọ sí Ìbòkun. Ọ́ńkù Ọdúntán jókòó sábẹ́ igi máńgòrò yẹn. Èyítáyọ̀ kúnlẹ̀ kí i dáadáa, nítorí èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀.

"Ọ́ńkù, lọ́jọ́ tí ẹ pè mí, ṣé màmá mi ti kú nígbà yẹn?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Wọ́n ti kú láti ìdájí. Ẹ̀rù ló bà mí, ọmọ mi. Mo ní o lè ṣubú lójú ọ̀nà tí o bá gbọ́. Ìwọ nìkan lo máa dá wà nínú mọ́tò."

"Mi ò bínú sí yín. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ra ọsàn."

Ọ́ńkù Ọdúntán bo ojú rẹ̀. Èyítáyọ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omijé wá sójú òun náà, kò pọ̀, ẹ̀kán díẹ̀ ni, ó sì gbóná lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dá fóònù ilé iṣẹ́ padà fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn yàrá yìnyín ti ya, ilẹ̀kùn kò sì pàdé mọ́. Ó mú fóònù, ó tẹ nọ́ńbà lójú ẹsẹ̀. Alhájì gbé e.

"Sà, ilẹ̀kùn yàrá yìnyín kò tì mọ́. Òtútù ń jáde. Bùọ̀dá Béjidé ti fi okùn dì í, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ já. Ẹ bá wa wá oníṣẹ́ wá kí oòrùn tó mú." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà."

Alhájì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó lóye. "Káàárọ̀, ọmọ mi. Oníṣẹ́ ń bọ̀."

Béjidé dúró lẹ́nu ọ̀nà, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Èmi náà fẹ́ sọ tèmi kí n tó kí ẹ," ó ní. "Mo fẹ́ràn ẹ. Káàárọ̀."

Munawwarah ju orí ẹja sílẹ̀. "Ó tó gẹ́ẹ́!"

Èyítáyọ̀ wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ṣáájú, ì bá ti wo ilẹ̀, ì bá ti sọ pé òun kò gbọ́. "Mo gbọ́," ó ní. "Mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ. Ara mi ò tíì yá tán, òótọ́ ni mò ń sọ o. Tí mo bá ti mọ̀ ọ́n, màá sọ ọ́ fún ẹ gbangba, Béjidé."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbọ́ ibi tí bùọ̀dá ti yọ kúrò. Ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, ó sì padà sídìí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìró bàtà rẹ̀ sún mọ́ etí ọmọbìnrin náà díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé yìí, tí ẹ ó wọ ibi iṣẹ́ lọ́la, ẹ fi ọ̀rọ̀ Èyítáyọ̀ sọ́kàn. Ẹ bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá yín, ẹ kí wọn, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ pe orúkọ rẹ̀ fún wọn, kí wọ́n lè rí i tún ṣe nígbà tí ọwọ́ ṣì lè tó o. Bí ẹ bá sì rí i pé ẹni tí ẹ sọ̀rọ̀ fún kò gbọ́ ọ yé, ẹ má fi fóònù sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ tún un pè.